Ìwé Mẹ́rìnlá sí Bàbá Kàdúná

Nígbà tí orí mi kò tíì ga ju ìkòkò tí Ìyá Àgbà fi ń se irú lọ, èmi ni mo máa ń gbá àgbàlá wa ní Ìwó láràárọ̀. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lásìkò kan náà kò ní gbàgbé bí ìgbálẹ̀ ṣe máa ń fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sórí ilẹ̀ pupa nígbà tí ìrì kò tíì gbẹ. Mo fẹ́ràn àwọn ìlà yẹn ju oúnjẹ lọ. Ẹ̀yìn ni mo máa ń fi rìn bí mo bá ń gbálẹ̀, kí ojú ẹsẹ̀ mi má baà hàn níbẹ̀. Bí adìẹ kan bá gba ibẹ̀ kọjá, màá padà lọ gbá ojú ẹsẹ̀ adìẹ náà kúrò. Adìẹ náà yóò tún kọjá, èmi náà yóò tún padà. Báyìí ni oòrùn ṣe máa ń bá mi lórí ilẹ̀ gbígbá, tí màá pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́, tí tíṣà tó dúró sẹ́nu ọ̀nà yóò sì fún mi ní ẹgba mẹ́ta. Ẹgba náà kò kọ́ mi lọ́gbọ́n. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti adìẹ la tún jọ wà níbẹ̀.

Bákan náà ni mo rí nídìí gbogbo nǹkan. Bí a bá fẹ́ ṣe súwè, èmi ni mo máa ń fa ojú súwè náà sílẹ̀, nítorí n kò lè fara da ìlà tó bá wọ́. Kí n tó fà á, kí n pa á rẹ́, kí n tún un fà, wọ́n á ti máa ké sí wa láti ilé pé ká wá jẹun. Ní ilé kéwú, orí wàláà la ti ń kọ̀wé, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ tí a ń fi tàdáà dúdú kọ ọ̀rọ̀ sí. Bí mo bá ṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kọ, gbogbo wàláà ni màá fi omi fọ̀, màá sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń sáré lọ níwájú, èmi ṣì wà lórí ìlà kejì, tí àtẹ́lẹwọ́ mi dúdú bí ìdí ìkòkò. Áfà wa rò pé ìmọ́tótó ló ń dà mí láàmú.

Nílé ẹ̀kọ́, tíṣà wa gbé ìwé mi sókè lọ́jọ́ kan kí gbogbo kíláàsì lè rí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn gan-an ni wàhálà mi le sí i. Láti ìgbà náà, bí mo bá ṣi nǹkan kọ, màá fi rọ́bà pa á, màá tún pa á, títí ihò yóò fi lu sínú ìwé. Bí a bá ń ṣe ìdánwò, tí agogo bá dún, àwọn yòókù ti dáhùn ìbéèrè mẹ́wàá, èmi wà lórí ìkẹrin. Ohun kan náà ni tíṣà máa ń kọ sábẹ́ iṣẹ́ mi: ó dára, kò parí.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni mo ń gbé. Àwọn òbí mi ń ṣòwò ní Ìbàdàn, wọ́n sì fi mí sọ́dọ̀ rẹ̀ kí n lè máa bá a ṣe iṣẹ́ ilé. Irú ni Ìyá Àgbà ń ṣe tà. Òórùn irú wà nínú aṣọ wa, nínú irun wa, nínú ìwé mi pàápàá. Àwọn ọmọ kíláàsì máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tẹ̀lé mi délé, tí Ìyá Àgbà bu ẹ̀bà fún wọn pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá tí irú ń ta sánsán nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ń rántí ẹ̀fẹ̀ mọ́. Àwa mẹ́ta la wà nílé náà: Ìyá Àgbà, èmi, àti Àǹtí Sìdí, àbúrò bàbá mi, àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà.

Àkọ́bí Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná. Ràsákì lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Kàdúná ni gbogbo àwa ọmọdé ń pè é. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti wá sílé kẹ́yìn. Bí Ìyá Àgbà bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ìwé ló ń kọ sí i, èmi sì ni akọ̀wé. Òun kò kàwé, Àǹtí Sìdí náà kò lọ ju ilé kéwú lọ. Nítorí náà, bí mo ṣe kéré tó yẹn, ọwọ́ mi ni gbogbo ọ̀rọ̀ ilé wa ń gbà kọjá.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, káfíńtà kan láti Kuta fẹ́ fẹ́ Àǹtí Sìdí. Làtífù lorúkọ rẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó sì ti fi pákó tó ṣẹ́ kù nídìí iṣẹ́ rẹ̀ kan àpótí ìjókòó tuntun fún Ìyá Àgbà. Gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá wọn ti kú, Bàbá Kàdúná ló sì dúró bíi bàbá fún Àǹtí Sìdí. Bàbá mi ní Ìbàdàn sọ pé òun kò lè sọ̀rọ̀ ṣáájú ẹ̀gbọ́n òun. Bí Bàbá Kàdúná kò bá tíì sọ pé òun gbà, kò sí ẹni tó lè dá ọjọ́ nìkáà.

Ìyá Àgbà pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní kí n mú ìwé àti báírò wá. Orí àpótí tuntun náà ló jókòó sí, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú irúgbá lórí atẹ. Kò wo atẹ náà, ìka rẹ̀ ló fi ń wá òkúta. Mo rí i, ṣùgbọ́n ọmọdé ni mí, n kò rò ó síbì kan.

Ó ní kí n kí Bàbá Kàdúná, kí n kí ìyàwó rẹ̀, kí n kí àwọn ọmọ níkọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n sọ ti ọkọ Àǹtí Sìdí, pé ọmọlúàbí ni, pé wọ́n ti ṣe ìwádìí ní Kuta, pé èsì rẹ̀ nìkan ló kù. Lẹ́yìn náà ló dá ọwọ́ dúró lórí atẹ.

"Kọ ọ́ pé ojú mi kò ríran dáadáa mọ́," ó ní. "Kọ ọ́ pé bí mo bá wo oòrùn, ńṣe ló dàbí ẹni pé èéfín bò ó."

Mo kọ ọ́.

"Ṣé o ti kọ ọ́?"

"Mo ti kọ ọ́, mà."

"Pa á rẹ́. Bí Ràsákì bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, kò ní lè fọkàn balẹ̀ ṣiṣẹ́."

Mo fa ìlà kan la ọ̀rọ̀ náà kọjá. Báírò mi ta bí mo ṣe ń fà á, ó sì fi àbàwọ́n búlúù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ nù ún, epo tó wà lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí a jẹun kan ìwé náà. Nígbà tí a fi máa parí, ìwé yẹn dọ̀tí tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi ń tì mí láti wò ó. Ìyá Àgbà ní kí n fi sínú àpò ìwé, kí n gbé e lọ sí pósítọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì bí mo bá ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Mo dáhùn pé ó dára. Nínú ọkàn mi, mo ti pinnu pé n óò kọ́kọ́ tún un kọ kó mọ́.

Mo tún un kọ. Èkejì ìbá dára, ṣùgbọ́n mo gbàgbé láti kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ, mo sì há orúkọ rẹ̀ sáàárín ìlà. Ẹ̀kẹta wọ́ sí apá ọ̀tún. Ẹ̀kẹrin mọ́ títí dé ìlà tó gbẹ̀yìn, níbi tí mo ti kọ orúkọ Ìyá Àgbà, báírò sì tún ta. Bí àyè bá ti yọ ni mò ń kọ ọ́, tí mò ń fi èyí tó bàjẹ́ pa mọ́ sábẹ́ ẹní mi. Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Àgbà bi mí bóyá ìwé ti lọ. Mo ní ó ti lọ. Irọ́ ni mo pa, ṣùgbọ́n mo rò pé lọ́la ni n óò fi ránṣẹ́, pé irọ́ ọjọ́ kan kò ní pa ẹnikẹ́ni lára.

Ọ̀la yẹn kò dé. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Àwọn ẹbí Làtífù wá láti Kuta, wọ́n wá béèrè bóyá èsì ti dé. Wọ́n tún wá lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀gbọ́n bàbá Làtífù, àgbàlagbà kan tó máa ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́, sọ fún Ìyá Àgbà pé àwọn kò bínú, ṣùgbọ́n ó jọ pé ẹni tó wà ní Kàdúná kò fẹ́ ọmọ àwọn, pé bí oṣù bá fi lè parí láìsí ọ̀rọ̀, àwọn yóò gbà bẹ́ẹ̀.

Àǹtí Sìdí kò bá wa jẹun lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn ilé ló lọ, ó ń fọ igbá tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ìyá Àgbà jókòó, ó gbé ọwọ́ lé itan. "Kí ni mo ṣe fún Ràsákì?" ó ní. "Ọmọ tí mo fi owó irú rán lọ sílé ìwé." Mo gbọ́ ọ láti inú yàrá. Mo tún kọ òmíràn lọ́jọ́ yẹn. Mo bà á jẹ́ kí n tó dé ìdajì.

Ọjọ́ Jímọ̀ la máa ń sá ẹní, èmi ni mo sì máa ń sá tèmi. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ pọnmi, n kò sì tètè dé. Bí mo ṣe ń wọlé ni mo rí i pé Àǹtí Sìdí ti fa ẹní mi síta, ó ń gbọ̀n ọ́n sínú afẹ́fẹ́. Ìwé fọ́n sí gbogbo àgbàlá. Ìyá Àgbà ń wò wọ́n láti orí àpótí.

"Adìẹ ta ló ń re ìyẹ́ báyìí?" ó béèrè.

Àǹtí Sìdí mú ìwé kan nílẹ̀. Kò lè kà á, ṣùgbọ́n ó mú èkejì, ó mú ẹ̀kẹta, ó fi wọ́n síra, ó sì rí i pé bákan náà ni gbogbo wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó wò mí. Mo sọ korobá omi sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ sínú omi tó dà, mo sì jẹ́wọ́ ohun gbogbo.

Ìgbájú méjì ni Àǹtí Sìdí gbá mi, ó sì tọ́ sí mi. Ó fẹ́ gbá ẹ̀kẹta nígbà tí Ìyá Àgbà ní kó fi mí sílẹ̀. Ó ní kí n wà lórí ìkúnlẹ̀ mi, kí n ká ìwé wọ̀nyẹn jọ, kí n kà wọ́n fún òun, gbogbo wọn. Mẹ́rìnlá ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí mo bá parí ọ̀kan, Ìyá Àgbà á bi mí.

"Kí ló ṣe èyí?"

"Báírò ta sí i, mà."

"Ṣé ó ṣeé kà?"

"Ó ṣeé kà, mà."

"Gbé òmíràn."

Báyìí la ṣe é dé ìkẹrìnlá. Eékún mi ti bó, ọ̀fun mi ti gbẹ. Nígbà tí mo ka èyí àkọ́kọ́, mo fo ibi tí mo fa ìlà sí, nítorí ó ti ní kí n pa á rẹ́. Ìyá Àgbà kò kígbe, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

"Nínú gbogbo wọn, èwo ni Ràsákì kò ní lè kà?"

"Kò sí, mà."

"Múní," ó ní, "Ràsákì kì í ṣe tíṣà tó fẹ́ fún ọ ní máàkì. Ọmọ mi ni. Ọ̀rọ̀ mi ló ń wá, kì í ṣe ìwé tó mọ́. Èwo ló dọ̀tí jù níbẹ̀?"

Mo nawọ́ èyí àkọ́kọ́ sí i, èyí tí epo àti àbàwọ́n wà lára rẹ̀.

"Òun ni kó lọ."

Mo bẹ̀ ẹ́ kí n mú òmíràn. Ẹ ò lè mọ bó ṣe rí lára mi, kí ẹlòmíràn rí ìwé yẹn kó sì mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́. Ó ní kí Àǹtí Sìdí mú mi lọ. Àǹtí Sìdí di ọrùn ọwọ́ mi mú láti ilé dé pósítọ́fíìsì, kò sì fi í sílẹ̀ títí mo fi ju ìwé náà sínú àpótí. Bí mo ṣe gbọ́ tó balẹ̀, mo rò pé orúkọ mi ti bàjẹ́ dé Kàdúná.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, a ń fọ irú lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́, a gbọ́ ẹnì kan tó kí wa lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Kàdúná ni, tòun ti báàgì rẹ̀, eruku ọ̀nà lára rẹ̀. Kò kọ̀wé pé òun ń bọ̀. Ọkọ̀ ojú irin ló wọ̀ títí dé Ìwó, ó sì fẹsẹ̀ rìn láti ibùdókọ̀ wálé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá rẹ̀. Ìyá Àgbà ń na ọwọ́ síwájú, ó ń wá orí rẹ̀ kó lè fọwọ́ kàn án, ọwọ́ rẹ̀ sì ń bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbá Kàdúná ló mú ọwọ́ náà, tó gbé e lé orí ara rẹ̀.

Lẹ́yìn tó ti mu omi, ó yọ ìwé mi jáde nínú àpò ẹ̀wù. Mo ti ń wá ibi tí n óò sá sí.

"Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Wá ka ibi tí o fa ìlà sí yìí fún mi."

Mo wo Ìyá Àgbà. Ó ní, "Kà á." Mo kà á síta, pé ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, pé èéfín bo oòrùn. Nígbà tí mo parí, Àǹtí Sìdí ti bú sẹ́kún. Òun tó ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ kò mọ̀. Èmi tí mo mọ̀, mo ti kọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, mo sì fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá nítorí kí ìwé lè mọ́.

"Ti Sìdí kò le," Bàbá Kàdúná sọ fún ìyá rẹ̀. "Ká ní ti Sìdí nìkan ni mo rí kà, ǹ bá kọ̀wé pé mo gbà, ǹ bá sì jókòó sí Kàdúná. Ibi tí ẹ ní kó pa rẹ́ yìí ló gbé mi wá." Ó yíjú sí mi. "O ṣeun tí o kò tún un kọ."

 Àǹtí Sìdí, tí omijé ṣì wà lójú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà náà bá a rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ fún Bàbá Kàdúná pé mo tún un kọ, mo sì jẹ́wọ́, ó sì rẹ́rìn-ín ju àwọn méjèèjì lọ.

Lọ́jọ́ kejì ló ránṣẹ́ sí Kuta pé òun gbà. Lọ́jọ́ kẹta ló mú Ìyá Àgbà lọ sí ilé ìwòsàn ojú ní Ìbàdàn. Dókítà sọ pé nǹkan funfun kan ló bo ẹyinjú méjèèjì, pé ó ṣeé yọ, pé ká ní wọ́n pẹ́ sí i ni, ìbá le. Wọ́n yọ ọ́. Nígbà tí wọ́n padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, Ìyá Àgbà dúró láàárín àgbàlá, ó ń wo gbogbo ilé yíká. Ó ní ògiri ti dọ̀tí. Ó ní irú tí a ń ṣa kún fún òkúta, pé ṣé ohun tí a ti ń tà fún àwọn èèyàn nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú, ó wò mí fún ìgbà pípẹ́. Ó ní n kò sọ fún òun pé mo ti dàgbà tó báyìí.

Lọ́jọ́ nìkáà Àǹtí Sìdí, Ìyá Àgbà jókòó síwájú, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, kò sí ẹni tó ń kọjá tí kò fi orúkọ kí. Mo rí Àǹtí Sìdí tó ń wò ó, tó sì ń rẹ́rìn-ín bíi pé ìyàwó méjì ló wà níbẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé fún gbogbo àdúgbò lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn ìyá yóò jókòó, wọn yóò máa sọ̀rọ̀, èmi yóò máa kọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Bí wọ́n bá yí ọ̀rọ̀ padà, màá fa ìlà kan, màá sì máa lọ. Mo máa ń sọ fún wọn níbẹ̀rẹ̀ pé n kì í ṣe àtúnkọ. Ní ìparí ọdún yẹn, a ṣe ìdánwò àṣewọlé sí ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo fa ìlà la ibi mẹ́fà kọjá nínú ìwé ìdáhùn mi, mo sì ń bá a lọ. Nígbà tí agogo dún, mo ti dáhùn ìbéèrè tó gbẹ̀yìn. Èmi ni mo ṣe ipò kẹta nínú gbogbo kíláàsì wa. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi kò burú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbé ìwé mi sókè, n kò sì wò bóyá ẹnikẹ́ni fẹ́ gbé e.

Mo di tíṣà nígbà tí mo dàgbà, mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ní Ìwó àti Ilé-Ogbó. N kò lè ka iye ọmọ tí mo gba rọ́bà lọ́wọ́ wọn. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fa ìlà kan, kí wọ́n máa lọ.

Láyé ìgbà náà, ìwé máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà, ìyẹn nìkan ni a sì ní láti fi bá ẹni tó jìnnà sọ̀rọ̀. Lónìí, ohùn ọmọ lè dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n mò ń wo ọmọ ọmọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú òkèèrè. Ọmọ náà fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, ó sọ̀rọ̀, ó gbọ́ ara rẹ̀, ó pa á rẹ́. Ó tún un sọ, ó ní ewúrẹ́ ké sí i, ó pa á rẹ́. Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ há díẹ̀ lọ́fun nígbà tó dé ibi tó ti ní àárò ìyá òun ń sọ òun. Ó fẹ́ pa ìyẹn náà rẹ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní èyí gan-an ni kó lọ. Ó wò mí, ó rò ó díẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́. Ìyá rẹ̀ kò kọ èsì kankan. Fóònù ló dún lọ́wọ́ ọmọ náà, tí wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ títí batiri fi kú.